Iná Tó Ń Sọ Ẹ̀kán Omi Di Ìlẹ̀kẹ̀

Ètò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì orí rédíò nìyí, fún àwa ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti Èjìgbò ní Ọ̀ṣun, àti àwọn ọmọ wa tó ń fi fóònù gbọ́ wa láti Abidjan. Lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe èékánná fún àwọn obìnrin ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má torí ìyẹn pa rédíò o, ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ẹni tó bá ti jókòó síwájú aṣèékánná rí mọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun jẹ́ẹ̀lì sí èékánná. Ó ṣì rọ̀ nígbà náà, ó ṣì lè ṣàn. Wọ́n á wá ní kí oníbàárà ki ọwọ́ bọ abẹ́ iná kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ búlúù, tó tún fẹ́ jọ àlùkò. Láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ohun tó ń ṣàn ti le gbagidi. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló gbẹ ẹ, ooru kọ́ ló yan án. Ìmọ́lẹ̀ ló ṣe é.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Àwọn èròjà kéékèèké kan wà nínú jẹ́ẹ̀lì náà tí wọ́n ń pè ní akíríléètì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ohun tó lè fi di ẹlòmíràn mú, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra, kò tíì nà án síta. Àwọn tó ṣe jẹ́ẹ̀lì náà wá fi èròjà kejì sí i, bíńtín báyìí, tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa dúró de ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní ìṣáná. Nígbà tí ìtànṣán UV bá bà á, ó là sí méjì, ara ìdajì kọ̀ọ̀kan ò sì balẹ̀ mọ́. Ìdajì náà á fò mọ́ akíríléètì tó bá kọ́kọ́ kàn, á mú kí ìyẹn na ọwọ́ síta, ìyẹn á di èkejì mú, èkejì á di ẹ̀kẹta mú, títí wọn á fi di ẹ̀wọ̀n gígùn. Àwọn ẹ̀wọ̀n á so kọ́ ara wọn, wọn á di àwọ̀n. Níbi tí àwọ̀n bá ti so délẹ̀, ṣíṣàn ti tán níbẹ̀.

Iṣẹ́ kan náà tí iná yẹn ń ṣe lórí èékánná ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kan báyìí, tí òmíràn nínú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìbú irun orí lọ. Omi ló pọ̀ jù nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà. Wọ́n lè kó oògùn sínú rẹ̀, wọ́n lè kó sẹ́ẹ̀lì alààyè sínú rẹ̀, wọ́n sì lè fi í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá àrùn wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lálẹ́ òní ni pé iṣẹ́ yìí ò jìnnà sí wa tó bí ẹ ṣe máa rò. Àwọn èèyàn wa ní Ìbàdàn ti ṣe apá kan rẹ̀, wọ́n sì fi igi inú igbó wa ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ jẹ́ẹ̀lì olómi. Ẹ ṣí ewé lára ẹ̀kọ tútù. Ó dúró fúnra rẹ̀, ẹ lè fi ọ̀bẹ gé e, síbẹ̀ omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èròjà inú àgbàdo ló ta àwọ̀n, tó fi di omi náà mú. Jẹ́ẹ̀lì olómi gan-an ni ẹ̀kọ. Lẹ́búlẹ́bú inú pámpáàsì ọmọ náà, tó bá mu ìtọ̀ yó tán, jẹ́ẹ̀lì olómi ló dà, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ náà kì í fi í rọ́ jáde bí a bá tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì rírọ̀ tí àwọn kan ń fi sójú, jẹ́ẹ̀lì olómi ni òun náà.

Ìtàn gíláàsì ojú yẹn dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ráńpẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Otto Wichterle ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, ọmọ orílẹ̀-èdè Czechoslovakia ni. Òun àti Drahoslav Lím ló gbé jẹ́ẹ̀lì náà jáde fún aráyé nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1960. Nígbà tó wá kan kí wọ́n fi ṣe gíláàsì ojú, àwọn aláṣẹ ò rò pé iṣẹ́ náà lè yọrí, wọn ò fẹ́ ná owó sí i mọ́. Wichterle kó iṣẹ́ náà lọ sílé. Ní àsìkò Kérésìmesì ọdún 1961, nínú ilé ìdáná tirẹ̀, ó fi irin ìṣeré ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Merkur to ẹ̀rọ kan, ó fi dáínámò kẹ̀kẹ́ yí i, gíláàsì ojú rírọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ sì jáde níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí nǹkan tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ń lò lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń po oògùn, ó ti pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwatóyìn Ọdẹ́kù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wo oje igi àti èlùbọ́ oríṣiríṣi wa bóyá a lè fi ṣe oògùn. Ní ọdún 2013, òun, Adéníkẹ̀ẹ́ Ọkúnlọlá àti Alf Lamprecht tẹ ìwádìí kan jáde lórí oje mẹ́rin. Ẹ fetí sí orúkọ wọn, nítorí ẹ mọ̀ wọ́n: àyìnré, ògbòlò, àpọ̀n àti ọ̀gánwó. Àpọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀ yẹn náà ni. Ọ̀gánwó tí àwọn ìyá wa ń bó èèpo rẹ̀ fún àgbo náà ni.

Wọ́n po oje kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ èròjà kan tí wọ́n ń rí lára ewéko inú òkun, wọ́n fi diclofenac sí i, wọ́n wá ń kán an sínú omi tí wọ́n po zinc chloride sí. Bí ẹ̀kán náà bá ti kan omi yẹn, zinc á so àwọn ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ pọ̀, á di ìlẹ̀kẹ̀ lójú ẹsẹ̀, oògùn á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ diclofenac dáadáa. Òun ni oògùn ara ríro tí ọ̀pọ̀ yín ń rà lọ́wọ́ akiri láìbi dókítà, tó sì ń ta èèyàn nínú bí a bá lò ó lálòjù. Ìdí tí wọ́n fi ń kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú ìlẹ̀kẹ̀ ni kó má baà tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jò sínú ara, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lè tó fún oògùn tí à bá lò ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Iṣẹ́ gidi nìyẹn, owó tí wọ́n ná sí i ò sì le koko. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí. Ẹ̀kán tó bá já láti ẹnu abẹ́rẹ́ máa ń tóbi. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ á tó mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn á tóbi, òmíràn á kéré. Nínú oògùn, àìdọ́gba kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá fi ìlọ́po méjì fẹ̀ ju èkejì lọ, ìlọ́po mẹ́jọ ni oògùn inú rẹ̀ fi máa ju ti èkejì lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ọmọ girama tó mọ bí a ṣe ń wá ìwọ̀n inú bọ́ọ̀lù lè ṣe é fún yín. Ta ló fẹ́ gbé ìlọ́po mẹ́jọ oògùn mì láìmọ̀?

Ibi tí ojú ọ̀nà tín-ín-rín ti wọlé nìyẹn. Wọ́n á mú rọ́bà kan tó mọ́lẹ̀ kedere bíi gíláàsì, PDMS ni wọ́n ń pè é, wọ́n á la ojú ọ̀nà sínú rẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ìbú irun orí kan tàbí méjì lọ. Omi jẹ́ẹ̀lì á máa bọ̀ láàárín, òróró á máa bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Níbi tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, òróró á há omi náà mọ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á fún un lọ́rùn, omi á já. Tó bá já, ó di ẹ̀kán roboto kan tó ń léfòó nínú òróró. Òmíràn á tún já, òmíràn á tún já. Bí òróró àti omi bá ṣe ń sáré déédéé, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kán á ṣe máa dọ́gba, ọ̀gọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n máa ń fi ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi ọṣẹ sínú òróró náà kí àwọn ẹ̀kán má baà so pọ̀ padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 100 máíkírọ̀n, ìyẹn ni ká dá mìlímítà kan sí ọ̀nà mẹ́wàá ká mú ọ̀kan. Omi tó kún ṣíbí ìtíì kan, ìyẹn mìlílítà 5, yóò fún wa ní nǹkan bí 9,500,000 ẹ̀kán. Ẹyọ ṣíbí kan o.

Àmọ́ ẹ̀kán omi ṣì ni, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Báwo ni yóò ṣe dì? Ẹni tó bá fẹ́ fi zinc, tàbí kálísíọ̀mù tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣe é nínú ojú ọ̀nà yẹn yóò rí ìṣòro: bí méjèèjì bá pàdé kí ẹ̀kán tó já, jẹ́ẹ̀lì á dì sójú ọ̀nà, gbogbo ẹ̀rọ á dí pa. Ìmọ́lẹ̀ ò ní wàhálà yẹn. Omi náà á ṣàn bó ṣe fẹ́, á já bó ṣe fẹ́, á to ara rẹ̀ tán, kí wọ́n tó tan iná sí i níwájú. Ibi tí wọ́n bá tàn án sí ló ti máa dì, ìgbà tí wọ́n bá tàn án ló máa dì. Ìtànṣán tí wọ́n sábà ń lò, 365 nánómítà ni, inú ìdílé kan náà pẹ̀lú ti iná èékánná. Èròjà tí wọ́n sì fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ náà ni PEGDA. Ìbátan PEG ni, èyí tí àwọn apòògùn fi ń po ìpara, tí wọ́n tún fi ń ṣe oògùn tó ń tú inú. Wọ́n kàn so akíríléètì mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì ni, kó lè di ọ̀tún àti òsì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò gba ooru, nítorí náà bí wọ́n bá kó sẹ́ẹ̀lì alààyè sínú rẹ̀, tí wọn ò sì jẹ́ kí iná náà pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì náà lè yè.

Ó wá ku ọ̀tá kan. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí a ń mí sínú yìí ni.

Ẹ rántí ìdajì ìṣáná tí mo ní ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ọ́síjìn fẹ́ràn rẹ̀ ju bí akíríléètì ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Tí ọ́síjìn bá wà nítòsí, òun ló máa kọ́kọ́ gbá a mú, ẹ̀wọ̀n ò sì ní bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin aṣèékánná, ẹ ti rí i rí. Tí èékánná bá jáde lábẹ́ iná, kì í ṣe pé òkè rẹ̀ ṣì máa ń lẹ̀ díẹ̀, tí ẹ fi ń fi sípíríìtì nù ún? Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni kò jẹ́ kí apá òkè pátápátá yẹn dì. Ẹ jẹ́ kí n fi ibẹ̀ yẹn bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ń yà kúrò lọ́nà. Akíríléètì tí kò tíì dì kì í ṣe ọ̀rẹ́ awọ ara. Tó bá ń kan ẹran ìka lọ́jọ́ dé ọjọ́, ara lè kọ̀ ọ́, kó máa yún, kó máa lé ròrò. Tí ara bá sì ti kọ̀ ọ́ tán, ó lè má gbà á mọ́ láéláé, kódà nínú ohun tí dókítà eyín fi ń dí eyín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó kan awọ oníbàárà. Ọ̀kan nínú àwọn ìṣáná inú jẹ́ẹ̀lì náà, TPO lorúkọ rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dè é nínú ohun ìṣaralóge láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, nítorí wọ́n kà á mọ́ àwọn èròjà tó lè ṣàkóbá fún ọmọ bíbí. Èyí tí wọn ò lè tà lọ́hùn-ún mọ́, ẹ fọkàn sí i kí wọ́n má kó o wá dà sí ọjà wa. Ẹ máa ka ara ìgò kí ẹ tó rà.

Ẹ jẹ́ ká padà. Lórí èékánná, ọ́síjìn ò rí ju òkè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bà jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kán bíńtín, gbogbo ara ẹ̀kán náà ló sún mọ́ òde. Òróró tó yí i ká sì ń kó ọ́síjìn pamọ́ sínú: bí ìṣáná ṣe ń lo èyí tó wà nínú ẹ̀kán tán, òróró á tún máa gbé òmíràn wọlé. Ẹ̀kán tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹ tanná sí i títí, kò ní dì, tàbí kí àárín nìkan dì, kí ara rẹ̀ máa yọ̀. Ní Yunifásítì Wyoming ní Amẹ́ríkà, Krutkramelis, Xia àti Oakey gbé ojútùú kan jáde ní ọdún 2016. Ojútùú náà wù mí nítorí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Rọ́bà PDMS ń gba afẹ́fẹ́ kọjá, gbogbo ẹni tó ń lò ó ló mọ̀. Wọ́n la ọ̀nà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí ẹ̀kán ń gbà, wọ́n ń fẹ́ náítírójìn gba ibẹ̀ kọjá. Náítírójìn gba inú rọ́bà wọlé, ó lé ọ́síjìn jáde, ìlẹ̀kẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní dídọ́gba.

Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn kan ti sọ ọ̀tá yẹn di ẹrú. Ní ilé ẹ̀kọ́ MIT, ní ọdún 2006, ọmọ Íńdíà kan tó ń jẹ́ Dhananjay Dendukuri àti ọ̀gá rẹ̀, Patrick Doyle, ò tiẹ̀ dá ẹ̀kán sílẹ̀ rárá. Wọ́n jẹ́ kí omi jẹ́ẹ̀lì kún ojú ọ̀nà, wọ́n wá ń tan iná gba inú máíkírósíkóòpù kọjá bí àwòrán tí wọ́n gé. Tí àwòrán bá jẹ́ onígun mẹ́ta, ìlẹ̀kẹ̀ onígun mẹ́ta ló máa dì. Kí ló wá dé tí ìlẹ̀kẹ̀ náà ò lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀nà? Ọ́síjìn tó ń gba ara rọ́bà wọlé ni kò jẹ́ kí èyí tó wà létí ògiri dì. Omi ibẹ̀ wà ní rírọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì ń yọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́ ló ń gbé tiwọn ró. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Daniel Pregibon, Mehmet Toner àti Doyle fi ọ̀nà yìí ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tó ní ihò kéékèèké lára, tí ètò ihò náà jẹ́ àmì ìdánimọ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù kan oríṣi àmì tí wọ́n lè kọ. Ìlẹ̀kẹ̀ kan lè máa wá àrùn kan, èkejì á máa wá òmíràn, nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan náà, wọn ò sì ní ṣì wọ́n mú.

Ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan máa wí lọ́kàn báyìí pé, MIT, Wyoming, kí ló kan Ifẹ̀-Ọ̀dàn? Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Ẹdẹ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yín níbẹ̀ ni Yunifásítì Redeemer's wà. Nínú ọgbà yẹn ni wọ́n dá ACEGID sílẹ̀ sí, ibùdó tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ti ṣe olórí rẹ̀, tí wọ́n ti ń ka àkọsílẹ̀ inú kòkòrò àrùn. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ka ti àrùn kòrónà ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Pardis Sabeti àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Broad Institute, ní Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ lórí ibà Lassa. Ní ọdún 2020 kan náà, àwọn ará Broad gbé ọ̀nà àyẹ̀wò kan jáde, CARMEN ni wọ́n sọ ọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀kán omi nínú òróró ni gbogbo àgbékalẹ̀ rẹ̀: àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan mọ̀, àyẹ̀wò tó lé ní 4,500 sì lè wáyé lórí pálí kan ṣoṣo. Èyí kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ẹ̀lì, ẹ̀kán ni; ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀kan, kò jìnnà sí èkejì. Àrùn tó ń pa ènìyàn ní Oǹdó àti Ẹdó lọ́dọọdún ni Lassa, kò sì sí ẹni tó ní kó má gba Ọ̀ṣun kọjá.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ yìí kan ìtọ́jú egbò pẹ̀lú. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California, ní Los Angeles, fi ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe nínú ojú ọ̀nà tín-ín-rín dí ojú egbò. Àlàfo tó wà láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kan sí èkejì ló di ọ̀nà fún ẹran tuntun láti hù gbà, egbò náà sì yára jinná lára eku. Ara eku ni mo wí o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá ta jẹ́ẹ̀lì kan fún yín nínú bọ́ọ̀sì lọ́la kó ní rédíò ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà nílé, tàbí ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí egbò ẹsẹ̀ ò jinná bọ̀rọ̀, ẹ mọ ìdí tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi yẹ kó ká wa lára.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Dendukuri ṣe lẹ́yìn náà. Ó kúrò ní Amẹ́ríkà, ó padà sí Íńdíà, ó sì wà lára àwọn tó dá Achira Labs sílẹ̀ ní ìlú Bangalore. Ojú ọ̀nà tín-ín-rín ṣì ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo ohun tó pọ̀ nílé. Ìhà ibẹ̀ kún fún àwọn tó ń hun aṣọ ṣẹ́dà. Ní ọdún 2011, òun àti Paridhi Bhandari pẹ̀lú Tanya Narahari fi hàn pé èèyàn lè hun ojú ọ̀nà náà: òwú ṣẹ́dà kan tí wọ́n ti rẹ sínú èròjà àyẹ̀wò, òmíràn tó ń fa omi, òmíràn tí kì í fà á. Wọ́n hun wọ́n pọ̀ lórí òfì, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì di pálí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó gba oyè rẹ̀ lórí fífi ìmọ́lẹ̀ ṣe jẹ́ẹ̀lì nínú rọ́bà olówó ńlá padà lọ bá ahunṣọ ní abúlé. Àwa náà ní òfì. A ní sányán, ṣẹ́dà inú igbó wa sì ni. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa béèrè lọ́wọ́ ahunṣọ Ìsẹ́yìn bóyá ó lè hun ohun tí ilé ìwòsàn ń lò. Èyí dùn mí ju àìsówó lọ.

N kò ní tan yín jẹ lórí ohun tó le níbẹ̀. PEGDA kì í ṣe ohun tí à ń ṣe nílẹ̀ yìí, ìlú òkèèrè ló ti ń wá. Ó fẹ́ òtútù, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ sì mọ bí iná mọ̀nàmọ́ná wa ṣe ń ṣe. Òróró tó dára jù fún ẹ̀kán àti ohun tó dà bí ọṣẹ tó ń bá a lọ wọ́n gógó. Yàrá tí wọ́n ti ń la ojú ọ̀nà sínú rọ́bà kò gbọdọ̀ ní eruku, ọ̀dàn ni wá, ẹ̀ẹ̀rùn wa ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé a ò ní ọkọ̀ òfuurufú ká má kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa kẹ̀kẹ́. Abẹ́rẹ́ sírínjì tí wọ́n gún bọ inú rọ́bà tín-ín-rín, tí òróró ń gba àyíká rẹ̀ kọjá, ti tó láti ya ẹ̀kán tó dọ́gba. Àwọn ilé ìwádìí kan ti ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó dín owó. Ẹ̀kán náà á tóbi díẹ̀, ṣùgbọ́n á dọ́gba. Iná UV oní-LED ò jẹ iná púpọ̀, ínfátà kékeré lè gbé e.

Èròjà jẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Ghent, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, mú gẹ́látíìnì, wọ́n so ohun kan tó bá akíríléètì tan mọ́ ọn, ó di jẹ́ẹ̀lì tí ìmọ́lẹ̀ lè mú dì. Káàkiri ayé ni wọ́n ń lò ó báyìí láti fi kó sẹ́ẹ̀lì sínú ìlẹ̀kẹ̀. Gẹ́látíìnì yìí, awọ àti egungun màlúù wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i. Awọ tí àwa ń pè ní pọ̀nmọ́. Èrò tèmi ni pé ohun tí wọ́n ṣe fún gẹ́látíìnì ní Ghent ló yẹ kí ẹnì kan gbìyànjú lórí oje ọ̀gánwó àti ti àpọ̀n tí àwọn ará Ìbàdàn ti yẹ̀ wò fínnífínní. Kí wọ́n so ọwọ́ akíríléètì mọ́ ọn, kí wọ́n kán an sínú òróró, kí wọ́n tanná sí i. Bó bá dì, a ti ní ìlẹ̀kẹ̀ tí ohun inú rẹ̀ hù nílẹ̀ wa. Bí kò bá dì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe é á ti mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní ọgbà Èjìgbò, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ẹ̀ka yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n igi ló ń mú oje jáde, ẹ̀yin lẹ mọ igi. Ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Ẹdẹ ò jìn sí yín. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ní kí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ méjì-mẹ́ta láàyè kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísìrì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa, ẹ lè fi èròjà ewéko òkun yẹn àti kálísíọ̀mù kán ìlẹ̀kẹ̀ níwájú àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Kò gba iná, kò ní májèlé, ojú ọmọ á sì là sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti iná UV àti akíríléètì ṣeré pẹ̀lú wọn láìní gíláàsì ààbò ojú àti ìbọ̀wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti Èjìgbò tí ẹ wà ní Abidjan, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tó dára nílùú, a kì yín, ẹ ṣeun. Nígbà tí ẹgbẹ́ yín bá tún fẹ́ ṣe ohun kan fún ilé, ẹ jẹ́ kó jẹ́ máíkírósíkóòpù fún ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹyọ kan fún ilé ẹ̀kọ́ kan, èyí tó dára, kì í ṣe èyí tí wọ́n á fi pamọ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé olùkọ́ tó máa lò ó lọ́wọ́.